Ohùn Tó Ní “Kí O Pa Á”

Ìyá Oníná ló kọ́kọ́ rí òkú náà. Oòrùn ò tíì ga ju ògiri ọgbà lọ nígbà tí igbe rẹ̀ ta, tí àwọn ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná sì fò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi dé, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò, ó gbé bàtà ọkùnrin kan sórí itan bí ẹni gbé ọmọ. Ibi tó ti ń wọ́ ọ̀gá rẹ̀ jáde ni bàtà náà ti bọ́. Kò mọ̀ pé òkú lòun ń wọ́.

Ọ̀gá náà ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tí yóò lọ sí òṣùpá. Ẹ̀rọ méjì ló wà nílẹ̀. Òun ni yóò yan èyí tí yóò ti ọkọ̀ náà, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kó sọ ọ́. Bàbá Ẹ-Jọ̀ọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí ẹni tí kì í bẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn.” “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jẹun?” Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ̀yin ni. Ẹni tó dé lánàá wá kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ni. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ajá bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀.”

Obìnrin ọlọ́pàá tí wọ́n fa ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ kéré lójú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní tèṣán. Àwọn tó ti gbìyànjú láti gbé e mì rí mọ ìdí tí wọ́n fi ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ó fi ìbòmú bo imú, ó wọlé. Yàrá náà kò tóbi. Ògiri rẹ̀ nípọn, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo nípọn bí ìwé òfin. Ẹ̀rọ iná wà láàárín lórí ẹsẹ̀ irin, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó dà bí agogo ilé-ìwé. Táńkì méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, nọ́ọ̀tì ẹnu páìpù ti tú, kẹ́míkà aláwọ̀ ilẹ̀ ti jò sílẹ̀, ó ti jẹ sìmẹ́ńtì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, Abẹ́rẹ́ rí tépù aránṣọ kan, wọ́n ti nà án dé ìdajì.

Ó jáde, ó wo súìṣì tó wà lára ògiri ìta, ti pọ́ǹpù tí kẹ́míkà kì í ṣàn láìsí rẹ̀. Wọ́n ti pa á.

“Ẹ̀yin lẹ pa pọ́ǹpù yìí?” ló bi Ìyá Oníná.

“Mo bá a ní pípa.”

“Jàǹbá iṣẹ́ ni, ọ̀gá mi,” ni sájẹ́ǹtì rẹ̀ wí, ọkùnrin onísùúrù kan tó sanra. “Kẹ́míkà jò, ó fà á símú, ó kú.”

“Ẹni tó ti kú kì í na ọwọ́ gba inú ògiri wá pa súìṣì níta,” ni Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Ó kọ́kọ́ lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ gétì. Bàbá náà ń fi fìlà nu ojú, ó sì ń wo ilẹ̀.

“Màmá, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ò fẹ́ sọ nǹkan kan.”

“Ẹ ti ń sọ ọ́ náà nìyẹn, Bàbá. Ẹ parí ẹ̀.”

“Ihò afẹ́fẹ́ yàrá yẹn kọjú sí mi. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin. Ó ń ké pé, ‘Pa á! Pa á! Mo ní kí o pa á!’ Háà. Mo sá lọ pe ẹnìkejì mi ní gétì ẹ̀yìn, torí èmi nìkan ò lè ko apààyàn lójú. Ìgbà tá a máa fi dé, Ìyá Oníná la bá pẹ̀lú òkú.”

“Ohùn ta ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé kì í ṣe ti ọ̀gá yín?”

Bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ẹ-Jọ̀ọ́ kẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣí gétì fún un, kò pariwo rí. Kò sì sọ ‘o’ sí èmi mẹ̀kúnnù yìí rí. Ẹlòmíì ni, Màmá. Ẹni burúkú ni.”

Ohun tí ọ̀gá tèṣán gbọ́ nìyẹn, ó sì tó o. Ó ní apààyàn méjì ló wà níbẹ̀, ẹnìkan ń pàṣẹ, ẹnìkejì ń ṣe é. Ó ní Ìyá Oníná ló gbé wọn wá, nítorí gbogbo ilé-iṣẹ́ ló gbọ́ bó ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà lọ́jọ́ tó ṣáájú, tó ń mẹ́nu ba ìsìnkú. “Tì í mọ́lé,” ló wí. Abẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ó fún un di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Oníná wà nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Àpá iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbúnwọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó má sùn sílé.

“Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ máa sin ín.”

“Mo ní wọ́n máa sin èmi kí wọ́n tó ju ẹ̀rọ mi nù! Èmi! Ṣé bí wọ́n ṣe wá tún un sọ nìyẹn? Ẹ wo ayé.”

“Kí ló sọ tó fi bí yín nínú?”

“Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ yín ò lè dá lọ.’ Gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo lò sídìí ẹ̀rọ yìí. Mi ò dúró gbọ́ èyí tó kù.”

“Ẹ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún mi, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé.”

“Kẹ́míkà méjì ni. Bí wọ́n bá ti pàdé, iná ni, wọn ò nílò ìṣáná. Ó lágbára. Kò sí afẹ́fẹ́ lójú òṣùpá tí èèyàn lè na ìyẹ́ lé, nítorí náà òun ló lè gbé ọkọ̀ gúnlẹ̀ níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Àléébù ẹ̀ ni pé ọ̀jẹun ni. Ohun tó máa mu lọ́nà wúwo débi pé ẹrù díẹ̀ ni ọkọ̀ á lè gbé. Òórùn ẹ̀ sì ń pààyàn.”

“Ta ló tú nọ́ọ̀tì rẹ̀?”

Obìnrin náà gbé ojú sókè. “Ẹ rí i. Bí mo bá di nọ́ọ̀tì tán, mo máa ń fa ìlà pupa gba orí ẹ̀ kọjá sára páìpù. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já. Kò já lánàá. Ó ti já lónìí, apá méjèèjì sì jìnnà síra wọn. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ kì í yí i tó bẹ́ẹ̀. Sípánà ni.”

“Kí ló dé tí kò fi sá jáde?”

“Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. A ṣe é bẹ́ẹ̀ kí òórùn má baà pa àwọn tó wà níta. Ẹnikẹ́ni kì í sì í wà nínú nígbà tá a bá tan án. Òfin ni.” Ó ń fi ọwọ́ ra àpá ọwọ́ rẹ̀. “Àwọn tó wà níta la rò. A ò ro ẹni tó wà nínú.”

Ẹni tó ni ẹ̀rọ kejì ni àbúrò òkú. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, Àbúrò Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, orí rẹ̀ sì ti ń hu ewú. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń sùn, nítorí ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í sinmi. Ó wà nínú táńkì irin ńlá kan tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí èèyàn bá yọjú wo gíláàsì kékeré tó wà lára rẹ̀, á rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró kan tó ń jó jẹ́jẹ́, bí ojú tí kò ṣẹ́.

Ojú ọkùnrin náà ti wú fún ẹkún. Abẹ́rẹ́ ti rí ẹkún ọgbọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

“Ẹ kú àfẹ́rakù,” ló wí. “Kí ni ẹ̀rọ yín yìí lè ṣe?”

“Oòrùn ló ń fún un lágbára. Títì rẹ̀ ò ju kéèyàn gbé bébà kan lé àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kì í dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti tan án, mi ò pa á rí. Á pẹ́ kó tó dé òṣùpá, àmọ́ á dé, kò sì ní jẹun bí ọ̀jẹun yẹn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Màmá. Ohun tá a bá fagbára mú ní í le.”

“Kí ni ẹ̀gbọ́n yín wí sí i?”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Ó ní, ‘Ẹ̀rọ rẹ ò lè dá gúnlẹ̀.’ Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀.”

“Níbo lẹ wà láàárọ̀?”

“Níbí. Àwọn pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ yìí ń pariwo, ẹ̀yin náà gbọ́ wọn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan títí Ìyá Oníná fi ké.”

“Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, wọn ò ní gbé ẹ̀rọ iná lọ mọ́?”

“Ta ló máa gbé e lọ?” ló wí. Ayọ̀ kankan ò sí lóhùn rẹ̀.

Ilé òkú kò jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ màṣíìnì ìránṣọ, òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀, aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ wà níbi tó fi í sí. Lórí tábìlì oúnjẹ, ọkọ̀ òṣùpá kékeré kan wà tí wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe. Ẹsẹ̀ wáyà ló fi dúró. Ìdérí ìgò tí wọ́n kùn láró wà nídìí rẹ̀ lẹ́yìn, ìdérí dúdú kan sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀.

“Òun ló ń ṣe é,” ni obìnrin náà wí. “Ó ní bí òun bá fẹnu sọ ọ́ wọn ò ní gbọ́, àfi kí òun gbé e síwájú wọn. Ó tètè jáde lónìí, ó ní òun ń lọ wọn nǹkan kí agolo òun lè bá ti gidi mu. Tépù mi ló mú lọ. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi.’” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Èmi ìyàwó rẹ̀. Tépù mi ló tún ń bẹ̀ mí fún.”

Abẹ́rẹ́ kí i, ó jáde. Nínú mọ́tò, sájẹ́ǹtì tan rédíò, orin sì ń dún kíkankíkan. Orí ń fọ́ Abẹ́rẹ́.

“Pa á.”

Sájẹ́ǹtì ò gbọ́.

“Pa á! Mo ní kí o pa á!”

Ó pa á. Inú mọ́tò dákẹ́. Ohùn Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì ń dún létí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Sájẹ́ǹtì, bó bá jẹ́ ọ̀gá tèṣán ló ń wa mọ́tò yìí, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?”

“Ẹ máa ní, ‘Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á.’” Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi lẹ máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí.”

“Yí mọ́tò padà.”

Ìyàwó òkú ṣì wà níbi tó fi í sí. Abẹ́rẹ́ ò jókòó. “Ìbéèrè kan ni. Ṣé ẹnìkan wà láyé yìí tí ọkọ yín ń pè ní ìwọ?”

Obìnrin náà yíjú sí agolo orí tábìlì.

“Ẹnìkan ni. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò rẹ̀ ò tíì lè rìn. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló ń jẹ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ó sọ fún mi rí pé ‘ìwọ’ yẹn, ohùn ìyá àwọn ni. Ó ní kò sí ẹlòmíì tí òun lè fi ohùn yẹn bá sọ̀rọ̀ mọ́.” Ó gbé ojú sókè. “Kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè?”

Bí ikú ilé kò bá pani, ikú òde kò lè pani. Abẹ́rẹ́ rò ó, kò sọ ọ́. “Ẹ wọ bàtà yín,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká gbé agolo yẹn dání.”

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò. Ọ̀gá tèṣán ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ wá, ó sì ń wo Ìyá Oníná. Bàbá gétì wà lẹ́yìn. Àbúrò Ọ̀gá fara ti ògiri, kò jìnnà sí súìṣì. Ìyàwó òkú gbé agolo náà mọ́ra, ó fi aṣọ bò ó.

“Ọ̀rọ̀ kan ló ṣì wá lọ́nà,” ni Abẹ́rẹ́ wí. “Bàbá gétì gbọ́ ‘pa á’, ó rò pé èèyàn ni wọ́n fẹ́ pa. Pọ́ǹpù ni. Ẹni tó wà nínú yàrá yìí ló ń ké sí ẹni tó wà níta, pé kó pa pọ́ǹpù kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Òkú fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀.”

Bàbá gétì di orí mú. “Yéè! Òun ni? Òun ni mo sá fún?”

“Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ ò gbọ́ ‘o’ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ Ìyá Oníná ló wà nídìí súìṣì, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á’ ló máa sọ, bí ọ̀fun rẹ̀ tilẹ̀ ń jó. Bó bá jẹ́ apààyàn tí wọ́n gbé wá láti ìta ni, ‘ẹ̀yin’ náà ni ì bá pè é. Ẹni tó tú nọ́ọ̀tì fẹ́ kí ẹ̀rọ iná ní àbùkù, Ìyá Oníná kọ́ nìyẹn. Ẹni náà ò gba gétì wọlé, torí inú ọgbà ló ń sùn. Ọ̀gá yín sì rí i láti inú gíláàsì, ó mọ̀ ọ́n, ó pè é ní ìwọ.”

Gbogbo ojú yí sí ẹni tó fara ti ògiri.

“Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀,” ni Àbúrò Ọ̀gá wí. “Mo kàn fẹ́ kó jò díẹ̀ ni, kí wọ́n bá òórùn nígbà tí wọ́n bá dé. Mo tú nọ́ọ̀tì tán, mo lọ wò ó bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Ìgbà tí mo padà, mi ò wo inú, mo tan pọ́ǹpù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń wọn nǹkan.”

“Ó dìde,” ni Abẹ́rẹ́ wí.

“Ó dìde. Ó ń fọwọ́ lu gíláàsì. Ó ní kí n pa á.”

“Ẹ ò pa á.”

“Mo pa á!”

“Ìgbà wo?”

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. “Sípánà wà lọ́wọ́ mi. Mo rò ó pé bó bá jáde nísinsìnyí, á rí i. Kò ní bú mi. Á kàn wò mí, á ní, ‘Kí lo ṣe yìí?’ Mo dúró, mo ń wá irọ́ tí mo máa pa fún un. Mo wá a, mi ò rí i. Ìgbà tí mo fi máa tẹ súìṣì, kò lu gíláàsì mọ́.” Ó gbá orí mọ́ ògiri. “Gbogbo ayé ló ń bọ̀wọ̀ fún! Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ̀yin. Èmi nìkan, ìwọ. Títí mo fi hu ewú, ìwọ!”

Ìyàwó òkú kò gbé ohùn sókè. “Èmi tí mo fẹ́ ẹ, mo tọrọ ‘ìwọ’ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò rí i gbà. Ẹ̀yin nìkan ló fún.”

Ó ṣí aṣọ lórí agolo, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wọn. Ìyá Oníná ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fi ìka kan ìdérí aláró tó wà lẹ́yìn, ó fi kan dúdú tó wà lábẹ́ ikùn.

“Méjèèjì,” ló wí. “Tirẹ̀ ló máa rọra tì í dé ọ̀dọ̀ òṣùpá, torí kò jẹun púpọ̀. Tèmi ló máa gbé e gúnlẹ̀. Olúwa mi. Ohun tó wá wọ̀n nìyẹn, bí méjèèjì ṣe máa gba ara wọn láyè.”

“Ó ní ẹ̀rọ yín ò lè *dá* lọ,” ni Abẹ́rẹ́ wí. “Ó ní ti àbúrò òun ò lè *dá* gúnlẹ̀. Kò sọ pé wọn ò ní lọ. Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ‘ò lè’, ẹ ò gbọ́ ‘dá’.”

Àbúrò Ọ̀gá rọra wólẹ̀ síwájú agolo náà. Kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá tèṣán gbé ojú kúrò lára Ìyá Oníná, ó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ lọ bá ọkùnrin náà.

Nígbà tí wọ́n dè é tán, wọ́n mú un gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró yẹn ń jó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn gíláàsì, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àbúrò Ọ̀gá dúró. Ó yíjú padà sí Ìyá Oníná, obìnrin tí òun fẹ́ jẹ́ kí wọ́n tì mọ́lé dípò òun.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “ẹ má pa á.”

Ìyá Oníná wo ojú rẹ̀ títí Abẹ́rẹ́ fi rò pé yóò tutọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó fa àga kékeré tó wà níbẹ̀ sídìí táńkì, ó jókòó síwájú ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì gbé bàtà ọ̀gá rẹ̀, tó mú dání láti àárọ̀, lé orí itan.